Ọkàn tó ń kùnà: ta ló ń fi ẹ́kò wọn apá ọ̀tún ní tòótọ́?

Ẹ́kò_Ìjẹ̀bú kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹlẹgbẹ́ mi. Ọdún kẹfà mi rèé nídìí ẹ́kò, àyẹ̀wò tí a fi ń wo ọkàn lójú ẹ̀rọ, nílé ìwòsàn kan níhìn-ín ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, mo sì fẹ́ gbé e síwájú yín.

Ìyá kan wá, ẹni ọdún 58. Gàrí ni wọ́n ń dín láti ìgbà ọmọge wọn, wọ́n sì ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tipẹ́. Ẹsẹ̀ wọn wú dé orúnkún, ikùn wọn le, wọ́n ní bí àwọn bá ti jẹun díẹ̀, àwọn ti yó. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, mo rí iṣan ọrùn wọn tó yọ títí dé abẹ́ etí. Wọ́n na ìwé èsì ẹ́kò kan sí mi, ti oṣù méjì sẹ́yìn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ tí apá òsì ń tú jáde tó ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé, "apá ọ̀tún dára." Ó parí. Wọ́n ti sọ fún ìyá yìí pé ọkàn wọn ò ní nǹkan kan, pé kí wọ́n lọ yẹ kíndìnrín wò.

Èmi ni mo kọ èsì yẹn. Mo mọ ọwọ́ ara mi.

Mo tún gbé pírọ́ọ̀bù lé wọn láyà. Yàrá ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún ti tóbi ju ti òsì lọ. Mo wá àwòrán àtijọ́ jáde nínú ẹ̀rọ, mo sì rí i pé ó ti tóbi nígbà yẹn náà. Mo kàn fi ojú wò ó kọjá ni, torí apá òsì ni wọ́n kọ́ wa láti máa wọ̀n.

Ẹ̀rọ wa ti pẹ́. Kò ní 3D (àwòrán tó ní ìjìnlẹ̀), kò ní strain (ìwọ̀n bí ẹran ọkàn ṣe ń sún kì). Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè máa wọ̀n lára gbogbo aláìsàn tí ọkàn rẹ̀ ń kùnà, tí kò ní gbà mí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kí n má baà tún ṣe irú èyí sí ọmọ ẹlòmíràn?

Mojí_Ẹ́kò kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Mo ń tẹ̀lé.

Dókítà_Ọkàn_Ìbàdàn kọ:

Àbúrò mi, o káre tí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Gbólóhùn "apá ọ̀tún dára" yẹn ti pọ̀ jù nínú ìwé èsì, láìsí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó tì í lẹ́yìn.

Ìrísí apá ọ̀tún ló ń dá wa lágara. Òsì rí bí ẹyin. O lè wò ó lójú méjì, kí o sì ṣírò ohun tó gbà. Ọ̀tún dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Bí o bá gé e níbí, igun mẹ́ta ni. Bí o bá gé e lọ́hùn-ún, ó tẹ̀ bí dòjé. Kò sí ìṣirò kan tó rọrùn tó lè kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ lórí àwòrán pẹlẹbẹ. Nítorí náà, má wulẹ̀ béèrè ìdá ìtújáde ọ̀tún lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí kò ní 3D.

Ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bó bá ti ju mìlímítà 5 lọ, ó ti ń nípọn jù nìyẹn. Iṣẹ́ tí Ọlọ́run fún un kò wúwo: ẹ̀dọ̀fóró wà nítòsí, ọ̀nà ibẹ̀ gbòòrò, nǹkan bí 25 mmHg (ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) ti tó láti gbé ẹ̀jẹ̀ débẹ̀, nígbà tí òsì ń fi 120 ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Bí ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé bá pọ̀ sí i, ọ̀tún á fẹ̀, á gbà á. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà iwájú rẹ̀ bá le, apá rẹ̀ ò ní í ká a.

Ẹni tó sì máa ń mú ọ̀nà yẹn le jù lọ ni òsì fúnra rẹ̀. Òsì tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú kí ògiri rẹ̀ ki kò ní lè rọ̀ dáadáa láti gba ẹ̀jẹ̀ wọlé. Ẹ̀jẹ̀ á há sẹ́yìn dé ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀tún á wá máa ti ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn fi ẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tí ọkàn wọn ń kùnà ní Abẹ́òkúta, ènìyàn 452, ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa ti ìdá 78.5 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Nítorí náà, ìdá 56 tí o kọ sílẹ̀ fún ìyá yẹn lè jẹ́ òótọ́, kí ọkàn wọn sì máa kùnà síbẹ̀.

Nísinsìnyí, ohun tí wàá máa wọ̀n. TAPSE ni àkọ́kọ́, ìyẹn bí òrùka ilẹ̀kùn tricuspid (ilẹ̀kùn àárín yàrá òkè àti ìsàlẹ̀ ọ̀tún) ṣe ń rìn jìnnà tó. Wo yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ṣóńṣó ọkàn, sún pírọ́ọ̀bù síta díẹ̀ kí gbogbo ọ̀tún lè hàn, kí o wá gba ìlà M-mode (ìlà kan ṣoṣo tó ń ya ìrìn ohun tó bá gbà kọjá) kọjá lára òrùka ilẹ̀kùn tricuspid, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri òde. Ìgbì á jáde bí òkè àti àfonífojì. Láti ìsàlẹ̀ àfonífojì dé orí òkè ni ìwọ̀n rẹ. Bí kò bá pé mìlímítà 17, ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Níbi kan náà, fi tissue Doppler (tó ń wọn eré ẹran ọkàn) wọn S′, eré òrùka náà. Kò gbọ́dọ̀ dín sí 9.5 cm/s. Lẹ́yìn náà, fi kọ́sọ̀ (àmì tó ń rìn lójú ẹ̀rọ) tọ etí yàrá náà nígbà tó kún àti nígbà tó fún pọ̀, kí o rí ìdá tí ààyè inú rẹ̀ fi dín kù. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní FAC. Bó bá wà lábẹ́ 35 nínú ọgọ́rùn-ún, kò dára.

Wọn ìbú ìdí yàrá náà pẹ̀lú. Bó bá ju mìlímítà 41 lọ, ó ti fẹ̀. Má fi iṣan ńlá tó ti ikùn wọ ọkàn sílẹ̀, n óò padà sórí rẹ̀. Wọ́ọ̀dù ń pè mí.

Ṣẹ́gun_Físíò kọ:

Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé kì í ṣe 16 ni TAPSE? Mìlímítà 16 ló wà nínú ìwé tí mo fi kọ́ṣẹ́.

Ọmọ_Àkúrẹ́_London kọ:

Ṣẹ́gun, 16 ló wà nínú ìlànà àwọn oníṣẹ́ ẹ́kò Amẹ́ríkà ní 2010. Nígbà tí àwọn àti ti Yúróòpù jọ ṣe tuntun ní 2015, wọ́n gbé e sí 17. Ìyàtọ̀ mìlímítà kan kò tó nǹkan tí a ń jà lé lórí, torí bí ìlà M-mode rẹ bá dagun díẹ̀, ìyẹn nìkan lè jẹ mìlímítà mẹ́ta mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ bá Ẹ́kò_Ìjẹ̀bú sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ yín kò gbó jù. Nígbà tí Inge Edler àti Hellmuth Hertz kọ́kọ́ rí ọkàn tó ń mì lójú ẹ̀rọ ní Lund, ní Sweden, ní 1953, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ibi tó sán lára irin ni wọ́n yá lò. Irú ìlà M-mode tí ẹ ní lọ́wọ́ yẹn ló ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Ọwọ́ tó dì í mú ló ṣe pàtàkì.

London ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ohun tí mo sì máa ń fi han àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi rèé. Kí aláìsàn yí sí ẹ̀gbẹ́ òsì dáadáa, kí ó gbé ọwọ́ òsì sókè sórí, kí àlàfo àárín eegun ìhà lè là. Ní kí ó mí síta, kí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Òrùka ilẹ̀kùn náà máa ń lọ síwá sẹ́yìn sí ṣóńṣó ọkàn. Ìlà rẹ gbọ́dọ̀ bá ojú ọ̀nà tó ń gbà lọ mu. Bí ìlà bá gé e ní ẹ̀gbẹ́, ìwọ̀n á kéré, wàá sì pe ọkàn tó dára ní aláìsàn. Sún pírọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, má kàn yí ìlà nìkan.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ilẹ̀kùn tricuspid padà sẹ́yìn ni yóò sọ ìfúnpá ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró fún ọ. Fi Doppler wọn eré rẹ̀ láti ojú ju ẹyọ kan lọ, kí o mú èyí tó yá jù. Ìṣirò rẹ̀ kò le: sọ eré náà di ìlọ́po ara rẹ̀, sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, kí o fi ìfúnpá yàrá òkè ọ̀tún kún un. Bí eré náà bá jẹ́ 2.8 m/s, ó tó nǹkan bí 31 kí o tó fi ti yàrá òkè kún un. Láti 2.8 lọ sókè ni ìfura ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti ju 3.4 lọ, ìfura náà ti lágbára gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún gain, ohun tó ń mú kí ìgbì tàn sí i lójú ẹ̀rọ! Bí o bá gbé e sókè jù, ìgbì náà á hu irun wúruwùru lẹ́nu, wàá lọ wọn irun dípò ara. Mo ti rí ìfúnpá tó fi 20 mmHg ju òtítọ́ lọ nítorí irun yẹn nìkan. Bí kò bá sì sí ẹ̀jẹ̀ kankan tó ń padà, má kọ ọ́ pé ìfúnpá dára. O kò rí ohun tí wàá fi wọ̀n ọ́n ni. Wo ẹnu iṣan tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró: bí ẹ̀jẹ̀ bá tètè dé góńgó eré rẹ̀, kó tó pé 105 ms (ìdá 105 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan), ìfúnpá ti ga níbẹ̀.

Dókítà_Abúlé kọ:

Mo kí gbogbo yín. Ẹ má bínú sí mi, n kò wá láti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ibi tí mo wà, ẹ̀rọ ẹ́kò kan ló wà láàárín ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta, àwọn aláìsàn ló ń fi owó ara wọn ṣe é, àwọn mìíràn ta ewúrẹ́ kí wọ́n tó rí i san. Bí ẹsẹ̀ bá wú, tí iṣan ọrùn yọ, mo ti mọ̀ pé ọ̀tún ti rẹ̀ ẹ́. Lasix, oògùn tó ń yọ omi kúrò lára, ni n óò fún un, n óò sì dín iyọ̀ rẹ̀ kù. Kí ni TAPSE fẹ́ yí padà nínú ìyẹn?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà kọ:

Dókítà_Abúlé, ìbéèrè yín tọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n fi ojú wọ́ọ̀dù dáhùn díẹ̀.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n gba bàbá kan wọlé, ẹsẹ̀ àti epọ̀n ti wú. Lasix ń lọ, ara ń fúyẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, creatinine (ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń yọ) gòkè, wọ́n ní kíndìnrín ti ń bàjẹ́, wọ́n dá Lasix dúró, wọ́n tún so omi mọ́ ọn. Láàárín ọjọ́ méjì, bàbá náà fi kílò mẹ́rin wúwo sí i, ìtọ̀ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá. Èmi ni mo ń kọ ìwọ̀n ìtọ̀ sílẹ̀, mo ń wò ó tó ń dín kù nínú ike: 400, 250, 90. Kò sí ẹnì kankan tó ti wọn apá ọ̀tún bàbá náà rí. Nígbà tí wọ́n pàpà ṣe ẹ́kò, iṣan ńlá inú ikùn ti kún bámúbámú, kò sún kì rárá bí wọ́n ti ń mí. Wọ́n yọ omi tí wọ́n so mọ́ wọn, wọ́n dá Lasix padà. Kíndìnrín náà padà bọ̀ sípò.

N ò lè gbàgbé 90 yẹn láéláé.

Dókítà_Ọkàn_Ìbàdàn kọ:

Nọ́ọ̀sì_Àgbà, ẹ ṣeun gan-an, ẹ ti sọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ. Kíndìnrín nílò kí ẹ̀jẹ̀ wọlé, kí ó sì ríbi jáde. Bí apá ọ̀tún bá kún tó dá ẹ̀jẹ̀ padà sínú iṣan, ọ̀nà àbájáde kíndìnrín á dí, creatinine á gòkè. Ẹni tó bá rò pé òùngbẹ ń gbẹ kíndìnrín náà á so omi mọ́ ẹni tó ti ń rì sínú omi ara rẹ̀.

Iṣan ńlá yẹn wá dà? Tẹ́ pírọ́ọ̀bù sí abẹ́ eegun igbá-àyà, wò ó bó ṣe gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá wọ ọkàn, kí o wọn ìbú rẹ̀ nítòsí ẹnu ibi tó ti wọlé. Ní kí aláìsàn fa imú lẹ́ẹ̀kan, gán-án. Bó bá jẹ́ mìlímítà 21 tàbí kó kéré sí i, tó sì sún kì ju ìdajì lọ, fi 3 mmHg sí yàrá òkè. Bó bá ju 21 lọ tí kò sún kì tó ìdajì, 15 ni. Èyí tó bá wà láàárín méjèèjì, fi 8 sí i. Ṣùgbọ́n má lo ìlànà yìí fún ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí.

Dókítà_Abúlé, ìdajì tó kù rèé. Gbogbo ẹsẹ̀ tó wú kọ́ ni apá ọ̀tún tó rẹ̀ fà. Mo ti rí ọ̀dọ́kùnrin kan tí ikùn rẹ̀ kún, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, wọ́n ti ń fún un ní Lasix fún ọdún kan. Ẹ́kò fi hàn pé iṣan ńlá ti kún, ṣùgbọ́n ọ̀tún kò fẹ̀, TAPSE rẹ̀ jẹ́ 19, ògiri àárín sì ń fò lọ sọ́tùn-ún sósì bó ti ń mí. Awọ tó bo ọkàn ló ti le bí èèpo, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló fà á. Lasix kò lè bọ́ èèpo. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ àti iṣẹ́ abẹ ló wò ó sàn. Àìsàn mìíràn (endomyocardial fibrosis) tí àwọn àgbà wa máa ń rí ní Ìbàdàn nígbà náà lọ́hùn-ún, ní nǹkan bí 1960 sókè, níbi tí àpá máa ń dí ṣóńṣó yàrá ọ̀tún títí yàrá òkè á fi tóbi bí àgbọn, òun náà ń wú ikùn bẹ́ẹ̀. Bí o bá sì rí ọ̀tún tó fẹ̀ lójijì lára obìnrin tó bímọ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú ju ìkejì lọ, ẹ̀jẹ̀ dídì tó bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró ni kí o kọ́kọ́ ronú kàn, má dúró.

Ẹsẹ̀ wíwú kan náà ni o rí nínú gbogbo wọn, ìtọ́jú wọn ò sì jọra. Ìyẹn ni ẹni tó ta ewúrẹ́ yẹn fi owó rẹ̀ rà.

Dókítà_Abúlé kọ:

Mo gbọ́, mo sì gbà. Ti awọ tó le bí èèpo yẹn bà mí lẹ́rù. Mo ní ẹnì kan lọ́kàn báyìí.

Mojí_Ẹ́kò kọ:

Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ní ìbéèrè. Ọkùnrin kan tí wọ́n ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn ọkàn fún wá ṣe àyẹ̀wò. TAPSE rẹ̀ jẹ́ 11, ó sì ń gun àtẹ̀gùn láìmí hẹlẹ. Ṣé mo wọ̀n ọ́n bàjẹ́ ni?

Ọmọ_Àkúrẹ́_London kọ:

O lè má wọ̀n ọ́n bàjẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí awọ ọkàn, ìrìn òrùka yẹn máa ń dín kù, àmọ́ ògiri á máa fún pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. TAPSE ìrìn gígùn nìkan ló ń rí. Wo FAC rẹ̀ kí o tó sọ ohunkóhun, kí o sì kọ ọ́ sínú èsì pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Ẹ́kò_Ìjẹ̀bú kọ:

Mo ti padà pe ìyá náà. Ọmọ wọn obìnrin ló mú wọn wá láàárọ̀ yìí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn kí n tó fi jẹ́ẹ̀lì sí wọn láyà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣáà wò ó dáadáa lẹ́ẹ̀kan yìí."

Mo wò ó. TAPSE jẹ́ mìlímítà 13. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta: 13, 12, 13. S′ jẹ́ 8 cm/s. Nígbà tí yàrá náà kún, ààyè rẹ̀ jẹ́ 30 cm². Nígbà tó fún pọ̀, 22. FAC jẹ́ 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìbú ìdí rẹ̀ jẹ́ 46. Ẹ̀jẹ̀ tó ń padà ń sáré 3.3 m/s, mo ti dín gain kù. Iṣan ńlá jẹ́ 25, wọ́n fa imú, kò mira. Nítorí náà 44 àti 15, ìfúnpá jẹ́ 59 mmHg.

Nígbà tí mo wo ọkàn ní ìbú, ògiri àárín kò yí roboto mọ́. Ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ sí apá òsì, òsì wá rí bíi lẹ́tà D. Ògiri òsì fúnra rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 14, yàrá òkè òsì sì fẹ̀. Ìdá ìtújáde òsì ṣì jẹ́ 55.

Gbogbo rẹ̀ gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré, ẹ gbọ́.

Dókítà_Ọkàn_Ìbàdàn kọ:

O ṣe é dáadáa. Àwọn nọ́ńbà yẹn ti ara wọn lẹ́yìn, ohun tó yẹ kí a máa wá nìyẹn. Ẹyọ kan ṣoṣo kò tó gbára lé.

Wàyí o, fi ìfúnpá pín TAPSE: 13 nínú 59, ó jẹ́ 0.22. Ìdí tí a fi ń pín in ni pé ìrìn òrùka náà kò ní ìtumọ̀ tó kún bí a kò bá mọ ẹrù tó gbé rìn. Ẹni tó ru ẹrù wúwo tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò ru nǹkan kan tó sì ń rìn bẹ́ẹ̀. Guazzi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì tẹ ìwádìí kan jáde ní 2013 lórí àwọn tí ọkàn wọn ń kùnà, yálà ìdá ìtújáde òsì wọn dín kù tàbí kò dín. Àwọn tí ìpín wọn wà lábẹ́ 0.36 ni ikú pa jù nínú wọn. Ìyá yìí nílò kí wọ́n máa rí wọn lemọ́lemọ́. Kì í ṣe ẹni tí a ń sọ fún pé "ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà."

Kí o má ṣàṣìṣe lórí ohun kan lọ́jọ́ iwájú. Bí wọ́n bá padà wá, tí ìfúnpá náà ti wá sílẹ̀ sí 40, má tètè yọ̀. Wo TAPSE àti iṣan ńlá. Bí TAPSE bá gòkè tí iṣan náà sì ń sún kì, ara wọn ń yá. Ṣùgbọ́n bí TAPSE bá ti di 9, tí iṣan ṣì kún, ìfúnpá wálẹ̀ torí pé ọ̀tún ò ní agbára tó lè gbé e sókè mọ́. Èmi ti rí dókítà tó fi èyí kí mọ̀lẹ́bí aláìsàn kú oríire. Bákan náà, bí ilẹ̀kùn tricuspid bá ti ya gbayawu, tí ẹ̀jẹ̀ kàn ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ láìsí ìdíwọ́, ìṣirò ìlọ́po mẹ́rin yẹn kì í sọ òótọ́ mọ́. Ó máa ń kéré ju bó ṣe rí lọ.

Òsì wọn nípọn, yàrá òkè rẹ̀ fẹ̀, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ ríru ló jọ pé ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ gàrí dídín! Èéfín igi ìdáná ní ogójì ọdún. Jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn wò pẹ̀lú, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ wọn bí wọ́n ṣe ń mí.

Ọmọ_Bàbá_Oníkòkó kọ:

Ẹ jọ̀wọ́, èmi kì í ṣe dókítà, mo ń wá ọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ wíwú bàbá mi ni mo fi bọ́ síbí. Ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ sọ kò yé mi, ṣùgbọ́n mo lọ wo ìwé èsì ẹ́kò wọn. Nípa apá ọ̀tún, "ó dára" nìkan ló wà níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ béèrè láìdà bí ẹni tó ń kọ́ dókítà níṣẹ́?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà kọ:

Ọmọ mi, kò sí àrífín nínú rẹ̀. Bí o bá délé ìwòsàn, sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá mi wò ó bóyá wọ́n wọn apá ọ̀tún ọkàn bàbá mi, torí ẹsẹ̀ wọn ṣì ń wú." Ó tó. Dókítà tó mọṣẹ́ á dá ọ lóhùn.

Láàárọ̀, kí bàbá tó jẹun, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tọ̀, gbé wọn sórí ìwọ̀n kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mú ìwé náà dání lọ. Bí wọ́n bá fi kílò méjì lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Tí ẹ̀mí bá sì ń gùn wọ́n tàbí àyà ń dùn wọ́n, gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀. Má fún wọn ní oògùn kankan fúnra rẹ o.

Ọmọ_Bàbá_Oníkòkó kọ:

Ẹ ṣeun mà. Ọ̀la la máa lọ.

Ṣẹ́gun_Físíò kọ:

Ẹ̀gbọ́n Ẹ́kò_Ìjẹ̀bú, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ wá kọ sínú èsì ìyá náà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀? Mo fẹ́ wo bí ẹ ṣe tò ó.

Ẹ́kò_Ìjẹ̀bú kọ:

Mo kọ ọ́ báyìí: "Yàrá ìsàlẹ̀ ọ̀tún fẹ̀, ìdí rẹ̀ jẹ́ 46 mm. Agbára rẹ̀ ti dín kù: TAPSE 13 mm, S′ 8 cm/s, FAC 27%. Ìfúnpá ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró tó 59 mmHg, 15 tó jẹ́ ti yàrá òkè wà nínú rẹ̀. Ògiri àárín tẹ́. Ògiri òsì nípọn, ìdá ìtújáde rẹ̀ 55%, yàrá òkè rẹ̀ fẹ̀. Èsì ti tẹ́lẹ̀ tó sọ pé apá ọ̀tún dára kò tọ̀nà. Èmi ni mo kọ ọ́, mo ti tún àwòrán náà wò." Ọ̀gá mi ní ṣé ó pọn dandan kí n fi gbólóhùn ìgbẹ̀yìn yẹn sí i. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, torí ìwé ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ìyá náà, ibikíbi tí wọ́n bá sì gbé e lọ ni wọ́n á ti kà á.

Wọ́n ti gbà wọ́n wọlé. Kílò méjì àbọ̀ ti kúrò lára wọn láti àná, wọ́n sì jẹ àmàlà tán lálẹ́.

Mo ti kó ìwé èsì oṣù mẹ́fà sórí tábìlì. Mo ń ṣa gbogbo èyí tí mo kọ "apá ọ̀tún dára" sí, tí dókítà tó fi wọ́n ránṣẹ́ sì kọ "ẹsẹ̀ wú" sórí ìwé rẹ̀. Mo ti rí mọ́kànlá. Mo ti ń pè wọ́n láti aago méjì. Mẹ́ta ti gbé fóònù, ẹnì kan ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé.